Iyọ̀ Lára Irin

"Sún sẹ́yìn, Sìjúwadé! Àbí o fẹ́ kí n bó ọ bí ọsàn ni?"

Ọdẹ́yalé kò dúró gbọ́ èsì. Ó tẹ ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, iyanrìn dúdú sì tú jáde, ó ń lu inú páìpù ńlá náà bí yìnyín ṣe ń lu òrùlé páànù. Ibi tí iyanrìn bá gbà kọjá, ìpẹtà á ká kúrò níbẹ̀, irin á sì yọ síta ní ìhòòhò, á funfun bí egungun tí òjò ti fọ̀. Wọ́n ti la páìpù náà sí méjì lóròó kí ọwọ́ lè dé gbogbo inú rẹ̀. Bí wọ́n bá pa á pọ̀ tán, ẹlẹ́ṣin lè gba inú rẹ̀ kọjá láìtẹrí ba. Ọ̀fun ni wọ́n ń pè é.

"Ọsàn wo?" Sìjúwadé pariwo láti ẹ̀yìn agbada iyanrìn tó ń ṣọ́. "Ọsàn tó ti gbẹ dé èèpo! Bó o bá bó mi, kóró nìkan lo máa bá níbẹ̀."

"Kóró ṣeé gbìn. Ìwọ ò ṣeé gbìn."

Sìjúwadé rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Láti ìgbà tí irun orí àwọn méjèèjì ṣì dúdú ni wọ́n ti jọ ń ṣe iṣẹ́ awọ̀rinláṣọ. Iṣẹ́ wọn ni láti wọ irin láṣọ kí ooru abẹ́ ilẹ̀ má baà jẹ ẹ́ run. Ooru náà kì í ṣe ti ìkòkò ọbẹ̀. Ó kan bí omi bátìrì, ó sì kó òkúta wẹ́wẹ́ dání bí olè tó kó ọ̀bẹ. Ohun tí kíkan rẹ̀ kò bá lè jẹ, òkúta rẹ̀ á ha á. Páìpù tí kò ní ẹ̀wù kì í pẹ́ jò. Bí páìpù bá jò, ẹ̀rọ ìmúnáwá á dákẹ́. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, atẹ́gùn tútù tó ń fẹ́ lábẹ́ Igbá, dígí ńlá tó bo gbogbo ìlú, á dákẹ́ pẹ̀lú, oòrùn tó ń yan dígí Igbá lókè á sì yan àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlú kan wà rí ní apá ìlà-oòrùn tó ní Igbá tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ìlú náà mọ́.

Iṣẹ́ ìbọn ni ti Ọdẹ́yalé. Ti Sìjúwadé náà ni tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn kan ní àìsàn ni, àwọn kan ní ọtí ni. Ó di ẹni tó ń da iyanrìn sí agbada, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò gba ìbọn bí ohunkóhun bá ṣe Ọdẹ́yalé. Gbogbo àwọn yòókù tó mọ iṣẹ́ ìbọn ti kú.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tutù bí ilé ìgbókùúsí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú un tutù bẹ́ẹ̀ ni, kí òógùn má baà jáde lára ẹnikẹ́ni. Iyọ̀ ni ọ̀tá ẹ̀wù. Bí iyọ̀ ara ènìyàn bá kan irin ìhòòhò, ì báà kéré bí ẹyin kòkòrò, ẹ̀wù tí wọ́n bá wọ̀ lé e lórí kò ní dì í mú. Yóò dára lójú, yóò dán gbinrin. Ooru á wá ibẹ̀ rí lọ́jọ́ kan, á sì ti ibẹ̀ wọlé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ ọ́ gàdàgbà sí ara ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn náà pé: ẸNI TÓ Ń ṢỌ̀FỌ̀ KÒ GBỌDỌ̀ WỌLÉ.

Ilẹ̀kùn náà ṣí. Dẹ̀jọbí ló wọlé, alábòójútó gbọ̀ngàn. Ọmọ tí Ọdẹ́yalé lè bí ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá."

"Ṣé a máa lè ṣí i lónìí? Àwọn Ìgbìmọ̀ ti ń múra. Wọ́n fẹ́ fojú ara wọn rí i bí Ọ̀fun ṣe máa mu ooru."

"Mo ti fẹ́ẹ̀ bó o tán. Kí oòrùn tó kúrò ní àtàrí Igbá, ẹ̀wù á ti wà lára rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, atẹ́gùn lásán á bà á jẹ́."

"Ẹ ṣé, bàbá." Dẹ̀jọbí kò lọ. Ó wo irin náà, ó wo òkè, ó wo bàtà ara rẹ̀. Nígbà tó wá fẹ́ yí padà ni Ọdẹ́yalé rí i: etí aṣọ funfun kan yọ lẹ́nu àpò rẹ̀.

Lábẹ́ Igbá, ènìyàn kì í kú títí aṣọ funfun yóò fi dé. Alábòójútó ló ń gbé e wá. Yóò nà án síwájú ẹbí, ẹbí yóò béèrè pé, "Ta ló kú?", òun yóò sì dárúkọ. Láti ìgbà náà ni ẹni náà tó di òkú, láti ìgbà náà ni wọ́n sì gba ẹbí rẹ̀ láyè láti sunkún. Wọn á so aṣọ náà mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, kò sì ní súnmọ́ irin mọ́ títí aṣọ yóò fi gbó, tí yóò fi já fúnra rẹ̀.

Dẹ̀jọbí rí i pé ó ti rí i. Ó fi àtàǹpàkò ti etí aṣọ náà padà sínú àpò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn. Ó dúró.

Ọmọ méjì ni Ọdẹ́yalé ní láyé. Olúgbódi, ọkùnrin, ń ṣiṣẹ́ ní ẹnu kànga níbi tí ooru ti ń tú jáde látinú ilẹ̀. Tinúadé, obìnrin, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ. Ìyá wọn ti lọ tipẹ́. Òun ni Dẹ̀jọbí dúró dè, nítorí náà aṣọ funfun tó wà nínú àpò yẹn, ti ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni.

Ìbéèrè náà ti dé ètè rẹ̀. Ta ló kú? Bí ó bá béèrè, Dẹ̀jọbí kò lè ṣe kó má dáhùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dáhùn, Ọdẹ́yalé á gbé ìbọn sílẹ̀, Sìjúwadé á sì fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n gbé e. Tinúadé ló sì ti búra gẹ́gẹ́ bí onídùúró Ọ̀fun yìí. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wọn: ẹni tó bá wọ irin láṣọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ooru bá kọ́kọ́ wọ inú Ọ̀fun tuntun, ọmọ tàbí àbúrò awọ̀rinláṣọ ni yóò dúró tì í nínú yàrá títì. Bí ẹ̀wù bá dára, yóò jáde. Bí kò bá dára, awọ̀rinláṣọ mìíràn á ti fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí àìbìkítà ń fà. Onídùúró tó bá sì ti búra kì í yí padà nítorí pé ìbọn yí ọwọ́ padà. Ẹ̀wù tí Sìjúwadé bá wọ̀ fún irin, Tinúadé ni yóò dúró tì í.

Ohun kejì wà tí kò fẹ́ rò. Bí aṣọ náà bá jẹ́ ti Tinúadé ńkọ́?

"Bàbá?" Dẹ̀jọbí ní. "Ṣé ẹ fẹ́ béèrè nǹkan ni?"

"Kò sí nǹkan," Ọdẹ́yalé dáhùn. "Ẹ sọ fún wọn pé a máa ṣí i lónìí."

"Mo mọ̀ pé ẹ kò ní dójú tì wá." Ó jáde. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bó ṣe ń lọ.

Sìjúwadé kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mo rí nǹkan lẹ́nu àpò ọmọkùnrin yẹn."

"O kò rí nǹkan kan."

"Ọdẹ́yalé..."

"Mo ní o kò rí nǹkan kan! Da iyanrìn sí i."

"Ó ti tán. Èyí tó kù ní gbọ̀ngàn yìí wà nínú àpótí ọ̀gá, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn rẹ̀." Sìjúwadé fi àtẹ́lẹwọ́ gbo ojú rẹ̀ gbígbẹ. "Èyí tó o dà yẹn ti tó. Irin ti mọ́. Jẹ́ kí n lọ gbé agolo gáàsì wá fún ọ."

Ó kù òun àti irin. Ọdẹ́yalé gbé ìbọn iyanrìn sílẹ̀, ó fa ìbọn iná sún mọ́ra, ó sì ń rọ èlùbọ́ sí i nínú. Èlùbọ́ ni àwọn awọ̀rinláṣọ ń pe ìyẹ̀fun irin àti amọ̀ tí iná ìbọn máa ń yọ́ lé irin lórí. Ó dúdú, ó kúnná, ó sì jọ ọ́ lóòótọ́. Ó ń rọ ọ́ láìjẹ́ kí kóró kan dànù. Kò ronú. Ó ti mọ bí ènìyàn ṣe ń ṣe é kó má ronú. Nígbà tí ìyá àwọn ọmọ kú ló kọ́ ọ.

Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí, ilẹ̀kùn àwọn onídùúró, nítorí pé òfin gbà wọ́n láyè láti wá wo ohun tí wọ́n máa dúró tì nígbàkígbà. Tinúadé wọlé.

Ọdẹ́yalé gbé àpò èlùbọ́ sílẹ̀. Òun nìyí. Ó wà láàyè. Inú rẹ̀ dùn, ìdùnnú náà sì gún un lọ́kàn bí abẹ́rẹ́, nítorí pé ó mọ ohun tó túmọ̀ sí.

"Bàámi."

"Kí lo wá ṣe? Kò tíì tó àkókò rẹ."

Ó na ọwọ́ síwájú. Ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ kan ló wà níbẹ̀, ti àwọn ará kànga, ó ti jó ní ẹnu. Ìka mẹ́fà ló ní.

Ìlú kì í rán ìbọ̀wọ́ oníka mẹ́fà. Nígbà tí Olúgbódi, tí wọ́n bí pẹ̀lú ìka mẹ́fà lọ́wọ́ kan, wọ iṣẹ́ kànga, Ọdẹ́yalé fúnra rẹ̀ ló já a níbi àtàǹpàkò, tó sì rán ìka kẹfà mọ́ ọn pẹ̀lú okùn àpò èlùbọ́. Okùn náà nìyí. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ nìyí, ó wọ́ díẹ̀ níbi tí iná ti kú mọ́ ọn lójú.

"Wọ́n kó aṣọ àwọn ará kànga wá fún fífọ̀," Tinúadé ní. "Ó wà láàárín wọn."

"Ó lè jẹ́ pé ó bọ́ ọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í tọ́jú nǹkan."

"Bàámi, mo yí i sódì kí n lè fọ inú rẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Èékánná wà nínú rẹ̀. Wọ́n pé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà."

Tinúadé fẹ́ẹ̀ ṣubú. Ó na ọwọ́ láti wá ohun tí yóò dì mú, bí ẹnikẹ́ni ṣe máa ń ṣe, Ọdẹ́yalé sì ti pariwo "Tinú!" kí ó tó mọ̀ pé òun lanu. Ó ti pẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà ti lẹ̀ mọ́ irin ìhòòhò, ó fi gbogbo ara tì í, omijé sì ń já bọ́ láti àgbọ̀n rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà.

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ojú irin. Kò tíì sí nǹkan kan níbẹ̀ tí ojú àlejò lè rí. Ọdẹ́yalé rí i.

"Mo fọwọ́ kàn án," ó ní.

"Mo rí ọ."

"Wọ́n á tì mí síta."

Òtítọ́ ni. Ẹni tó bá fọwọ́ lásán kan irin ìhòòhò, Ìta ni ìjìyà rẹ̀. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn kékeré, wọ́n á tì í sí ìta Igbá, sínú oòrùn. Dígí ni Igbá. Gbogbo ènìyàn ló ń rí àwọn tí wọ́n bá tì síta. Wọ́n máa ń kan dígí. Àwọn ọmọdé máa ń tẹ̀ lé wọn láti inú, wọ́n á máa ta tẹ́tẹ́ láàárín ara wọn bóyá ẹni yìí máa kàn án dé ọ̀sán.

"Nu ojú rẹ," ó ní. "Mú ìbọ̀wọ́ yẹn dání. Gba ibi tó o gbà wọlé jáde, kí o má sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

"Bàámi, ẹ̀gbọ́n mi ti kú."

"Kò tíì kú. Aṣọ kò tíì dé."

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara rẹ̀, ohùn Dẹ̀jọbí ni. Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí kò rí i rí, ó sì jáde.

Bí ènìyàn bá fẹ́ nu iyọ̀ kúrò lára irin, ńṣe ni yóò tàn án kálẹ̀. Iyanrìn nìkan ló lè gbé e. Ọdẹ́yalé bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì alábòójútó.

Dẹ̀jọbí ń dé fìlà tuntun wò níwájú dígí. Tábìlì rẹ̀ ti ṣófo, wọ́n ti fi okùn di àga rẹ̀ mọ́ ọn. Bí Ọ̀fun tuntun bá ti mu ooru, alábòójútó tó ṣí i ni yóò máa jókòó tì í, ní yàrá kan náà tí onídùúró ti dúró, títí ọjọ́ tí yóò fi fẹ̀yìn tì. Ipò ńlá ni. Afẹ́fẹ́ yàrá náà máa ń tutù, ìyàwó ènìyàn sì ń gba omi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

"Bàbá! Ẹ ti parí ni?"

"Mo fẹ́ iyanrìn sí i."

"Fún kí ni?"

"Iyọ̀ kán sí irin."

Dẹ̀jọbí rẹ́rìn-ín. "Òógùn? Nínú òtútù yẹn? Ẹ̀yin tí mi ò rí kí ẹ làágùn rí?"

"Kì í ṣe òógùn. Omijé ni. Tèmi ni."

Ẹ̀rín náà kú. Dẹ̀jọbí ṣí fìlà, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì lọ ti ilẹ̀kùn. Àpò rẹ̀ ti rọ̀ pẹlẹbẹ. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́.

"Ta ló kú, tí ẹ fi sunkún?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀."

"Èmi?" Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ṣí wọn. "Ẹ wò ó. Kò sí aṣọ kankan lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó kú lónìí, a dúpẹ́. Bí kò bá sì sẹ́ni tó kú, ta ló sunkún? Bí kò bá sẹ́ni tó sunkún, irin mọ́."

"Ta ló kú, ọ̀gá?"

Ó ti béèrè. Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ níkẹyìn. Dẹ̀jọbí sì mi orí bí olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rántí ìdáhùn lẹ́yìn tí wọ́n ti kó ìwé.

"Ọwọ́ òfìfo kì í dáhùn ìbéèrè yẹn. Ẹ mọ òfin jù mí lọ. Ẹ̀ bá ti béèrè nígbà tó wà lọ́wọ́ mi. Ṣé mi ò dúró? Mo dúró, bàbá. Mo tilẹ̀ bi yín léèrè. Ẹ wò mí lójú, ẹ ní kò sí nǹkan."

Òtítọ́ ni. Ìyẹn ló dùn ún jù.

"Onídùúró mi ńkọ́?" Ọdẹ́yalé ní. "Ọmọ mi ni."

"Nítorí náà ni mo ṣe mọ̀ pé ẹ máa wọ̀ ọ́ dáadáa. Iyanrìn tó wà nínú àpótí, ti Ọ̀fun tó ń bọ̀ ni. Àwọn Ìgbìmọ̀ ti wà lójú ọ̀nà. Ẹ lọ wọ irin láṣọ, kí ẹ sì gbàgbé pé ẹ wá síbí. Èmi ti gbàgbé."

Nígbà tí Ọdẹ́yalé padà dé gbọ̀ngàn, ọwọ́ náà ti hàn. Ìpẹtà ti fà á jáde lójú irin funfun, pupa fẹ́ẹ́rẹ́, àtẹ́lẹwọ́ àti ìka márùn-ún, pẹ̀lú ilà tó ṣàn wálẹ̀ láti ibi tí omijé ti já sí. Sìjúwadé dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú agolo gáàsì. Ó wo ọwọ́ náà. Ó wo Ọdẹ́yalé. Ọwọ́ obìnrin ni, kò ṣeé sọ pé ti ẹlòmíràn.

"Ṣé kí n so gáàsì mọ́ ọn?" ó béèrè.

"So ó."

Ó so ó.

Iná ìbọn là, ó ké. Ọdẹ́yalé bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìlà-ìlà, kò yára, kò dúró, bí àgbẹ̀ ṣe ń kọ ebè. Èlùbọ́ ń wọnú iná ní dúdú, ó ń jáde ní funfun, ó ń dì mọ́ irin, ó ń tutù ní àwọ̀ eérú. Nígbà tó dé ibi ọwọ́ náà, kò fò ó. Ó wọ ìka kọ̀ọ̀kan láṣọ. Ó wọ àtẹ́lẹwọ́ náà láṣọ. Ní ojú, ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ibi yòókù. Ó tilẹ̀ dán jù ú lọ.

Wọ́n fi ẹ̀rọ gbé apá kejì lé e, wọ́n fún gbogbo bóòtù, wọ́n sì ti Ọ̀fun náà bọ yàrá rẹ̀. Agogo lù. Àwọn Ìgbìmọ̀ jókòó sẹ́yìn dígí tó nípọn pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Dẹ̀jọbí ti dé fìlà rẹ̀.

Tinúadé ti wọ aṣọ onídùúró, aṣọ tínrín tí kò ní apá. Kò wo bàbá rẹ̀. Ó ń wo ibi tí àmì ọwọ́ ara rẹ̀ wà nínú irin lọ́hùn-ún, bí ẹni pé ó lè rí i láti ẹ̀yìn.

"Kí onídùúró wọlé," Dẹ̀jọbí ké.

"Ẹ dúró," Ọdẹ́yalé ní.

Òfin kan wà tí gbogbo wọn mọ̀: bí àgbà inú ẹ̀jẹ̀ kan bá ní òun yóò dúró, ọmọdé á sún fún un. Awọ̀rinláṣọ nìkan ni kò kàn, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ti ìlú ni.

Ìbọn iná ṣì wà nílẹ̀, gáàsì ṣì wà lára rẹ̀. Ọdẹ́yalé bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ìbọn náà, ó tàn án, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú rẹ̀.

Sìjúwadé ló ké. Ọdẹ́yalé kò ké. Ó dì í mú níbẹ̀ títí ó fi dá a lójú pé kò sí oníṣègùn kankan lábẹ́ Igbá tó lè dá a padà, lẹ́yìn náà ó pa iná, ó gbé ìbọn sílẹ̀ dáadáa kí ẹnu rẹ̀ má baà gbọgbẹ́. Òórùn ara tó jó kún ibẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn Ìgbìmọ̀ fi abẹ̀bẹ̀ bo imú.

"Ẹ ti ba ohun ìní ìlú jẹ́!" Dẹ̀jọbí pariwo.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi kì í ṣe awọ̀rinláṣọ mọ́. Èmi ni àgbà ẹ̀jẹ̀ yìí. Ní kí ọmọ mi sún."

"Ìjìyà wà fún un! Kànga ni wọ́n máa rán yín lọ!"

"Kànga mọ ilé wa."

Dẹ̀jọbí wo ẹ̀yìn dígí. Àgbà Ìgbìmọ̀ ti ń fi ọwọ́ ṣe àmì pé kí wọ́n yára. Oòrùn ń mú. Òfin ni òfin. Tinúadé sún. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń kọjá, ó na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó rántí, ó fà á padà, bí ẹni pé ara bàbá rẹ̀ náà ti di irin.

"Má sunkún," Ọdẹ́yalé ní fún un. "Kò tíì tó àkókò."

Wọ́n tì í mọ́ inú yàrá.

Ọdẹ́yalé fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún; ó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ó mọ ibi tí ọwọ́ Tinúadé wà nínú irin náà, ní ìwọ̀n àyà, lápá òsì. Ó dúró sí ọ̀gangan ibẹ̀. Bí ó bá máa ṣí, kí ó ṣí sí òun lára, kí ó sì yá.

Ooru dé. Ó kọ́kọ́ jẹ́ ìró lásán láti ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń fẹ́ ẹnu sí ìgò, lẹ́yìn náà ilẹ̀ gbọ̀n, lẹ́yìn náà Ọ̀fun ké. Òkúta wẹ́wẹ́ ń ha inú rẹ̀. Ọdẹ́yalé gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń gun ẹ̀wù náà, gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó gbọ́ wọn dé ibi ọwọ́ náà. Ó gbọ́ wọn kọjá.

Ẹ̀wù náà dì í mú.

Ó dúró títí agogo fi lù, títí wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn, títí àwọn Ìgbìmọ̀ fi pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn dígí. Iyọ̀ kì í fìgbà gbogbo yára. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣiṣẹ́ bí ikán: odindi ilé á dúró ṣánṣán títí di ọjọ́ tí ẹnì kan bá fara tì í. Ọdẹ́yalé wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí kò sí mọ́. Kò mọ̀ bóyá òun sọ ọ́ nù lásán. Ìrora náà ti dé nísinsìnyí.

Àwọn alágbàṣe méjì gbé tábìlì àti àga Dẹ̀jọbí wọlé, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Wọ́n gbé e sí apá òsì, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára, àga náà kọ ẹ̀yìn sí Ọ̀fun.

Dẹ̀jọbí wọlé tẹ̀ lé wọn. Aṣọ funfun ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án síwájú pẹ̀lú ojú tó ti múra fún un.

"Bàbá, mo mú aṣọ wá."

Tinúadé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìbọ̀wọ́ náà wà láyà rẹ̀.

"Ta ló kú?" Ọdẹ́yalé béèrè.

"Olúgbódi, ọmọ Ọdẹ́yalé, ará kànga."

Lẹ́nu ilẹ̀kùn, Tinúadé bú sẹ́kún. Òfin ti gbà á láyè. Ọdẹ́yalé na ọwọ́ òsì, Dẹ̀jọbí so aṣọ náà mọ́ ọn. Ó pẹ́ kó tó so ó tán. Bí ó ti tẹrí sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn alágbàṣe má baà gbọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Omijé tí ẹ sọ yẹn. Ibo ló kán sí?"

Ọdẹ́yalé wo àga náà. Ó wo irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń dún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹran tó ń jẹun.

"Dẹ̀jọbí," ó ní, kò sì fi ọ̀gá ṣáájú rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó kú nígbà yẹn. Ta ló sunkún?"

Ó gbá èjìká ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n sì jáde. Nígbà tí wọ́n dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́yìn wọn: Dẹ̀jọbí ń wọ́ àga rẹ̀ láti igun kan yàrá náà sí èkejì, ó ń dúró, ó tún ń wọ́ ọ.